Ọkàn Tí Kò Sinmi Lójú Oorun

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ìka tí mo fi di bírò mú rọ, kí ojú tí mo fi rí i sì fọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀, n kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, n kì í sì í parọ́ lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún gbogbo ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wa ṣe. N kò jókòó níwájú olùkọ́ kankan kọ́ iṣẹ́ náà, ojú mi àti ọwọ́ mi ló kọ́ mi. Nígbà kan, àwọn mẹ́rin tó gboyè lórí ẹ̀rọ wá láti ibi tó jìnnà, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yí ẹ̀rọ ọ́síjìn ká bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Mo gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ là ń sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ìyá mi, nọ́ọ̀sì tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Kà-á-Pé.

Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyí. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, bí wọ́n bá gbé ọmọ dé, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kó wo aago, kó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ìṣẹ́jú kan gbáko ló yẹ kó fi kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń kún bẹ́ǹṣì dé ẹnu géètì. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, wọ́n jẹ́ ẹgbẹ̀ta, láìka àwọn tó jókòó sílẹ̀. Nítorí náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú ni àwọn nọ́ọ̀sì ń kà, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ó parí. Bí iye náà bá ga jù, wọ́n á kọ "ẹkún" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé ọmọ náà ń ké nígbà tí wọ́n kà á, kí dókítà má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Bí wọ́n bá sì ti kọ ẹkún sí i báyìí, kò sẹ́ni tí í tún un kà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àbúrò mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kà á pé ìṣẹ́jú kan. Bí iye rẹ̀ bá ga, yóò ní kí ìyá gbé ọmọ náà sẹ́yìn títí oorun yóò fi gbé e lọ, yóò wá tún un kà.

"Ọmọ tó ń ké, ẹ jẹ́ kó ké," ló máa ń sọ. "Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti sùn fọnfọn, kí ni ọkàn rẹ̀ tún ń lé kiri?"

Inú mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù kò dùn sí i rárá. Abẹ ni wọ́n ń pe mátírọ́ọ̀nù yìí lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mú débi pé gíláàsì fèrèsé méje ni mo pààrọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó sọ òkò lù wọ́n.

"Kà-á-Pé!" ni yóò ké láti òpin wọ́ọ̀dù. "Ọkàn ọmọ lò ń kà ni, àbí irun orí ẹ̀? Àwọn èèyàn ti ń hu ewú lórí bẹ́ǹṣì o!"

Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké á rẹ́rìn-ín, wọ́n á di ikùn mú. Àbúrò mi kò ní gbójú sókè. Aago ló ń wò.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí wọ́n gbé wá, tó ń bì. Dókítà wọ́ọ̀dù náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Yá-Ó-Yá, torí pé kì í dúró tẹ́nikẹ́ni, ó lè kọ oògùn fún ọmọ márùn-ún kí ẹ̀yin tó sín lẹ́ẹ̀kan. Ó ní omi ti gbẹ lára ọmọ náà, kí wọ́n fa dírípù sí i kíákíá. Kà-á-Pé ti ka ọmọ yìí lójú oorun, ọkàn rẹ̀ kò rọlẹ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ dí dírípù náà níwájú gbogbo àwọn ìyá, ó ní omi yẹn yóò pa ọmọ náà, pé ọkàn ọmọ náà ló ń ṣàìsàn. Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n fi bá a jà. Wọ́n tún ṣí omi náà padà. Kó tó di ọ̀sán, ọmọ kú.

Ohun tí Abẹ kọ sínú ìwé ni pé ọmọ náà kú nítorí pé nọ́ọ̀sì kan dí omi rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Ó kà á sí etí ìyá ọmọ náà ketekete. Ìyá náà rìn wá síwájú àbúrò mi, ó tutọ́ sí i lójú, kò sì sẹ́ni tó fún un ní nǹkan tí yóò fi nù ún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e kúrò ní wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá aṣọ, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń ká a.

"Ó kúkú fẹ́ràn kó máa kà," ni Abẹ wí. "Ẹ jẹ́ kó lọ máa ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í kú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí èyí náà.

Ọdún méjì ló lò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó dé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni àbúrò mi bí, tó ń rán aṣọ, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan sì wà lọ́wọ́ ìyẹn, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Alápárá là ń pè é. Ọ̀fìnkìn ṣe Alápárá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ní inú ń run òun. Ọmọ tó máa ń fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì, ó jókòó sí ìdajì àtẹ̀gùn, ó ní kí ìyá òun gbé òun. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó gbé e wá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan.

Lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un, wọ́n bi í bóyá ó ní ìbátan kankan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn náà. Ó kọ "rárá".

Ẹ má tíì bú u. Ó ń bẹ̀rù pé bí Abẹ bá gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Kà-á-Pé ni, wọn yóò fi ọmọ náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo mọ Abẹ. Ẹ̀rù tó bà á yẹn, ó tọ́ kó bà á.

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ Alápárá mú, ó ka mẹ́rìnlélógójì láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú, ó sọ ọ́ di mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án. Ọmọ náà ń ké. Nọ́ọ̀sì kọ "ẹkún" sí i. Ó-Yá-Ó-Yá tẹ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń wo ọmọ tó kàn.

"Èébì ti fa omi ara ẹ̀ tán. Ẹ sáré tú omi sí i. Ta ló kàn?"

Báàgì àkọ́kọ́ wọlé. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sáré. Wọ́n ní omi kò tíì tó ni, wọ́n so báàgì kejì kọ́.

Àkókò yẹn ni àbúrò mi gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọlé, ó tò ó láti àyà dé àgbọ̀n. Ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn mi orí sí i díẹ̀, pé kó máa lọ, kó má sọ nǹkan kan. Kà-á-Pé gbé aṣọ sílẹ̀. Oorun ti gbé Alápárá lọ lẹ́yìn ẹkún, ìyá àgbà rẹ̀ sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago, ó ka ìṣẹ́jú kan pé.

Mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án.

Ọmọ tí kò ké mọ́, tó ń sùn, ọkàn rẹ̀ fi méjì péré rọlẹ̀! Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí irin tó sùn síta. Ó fi ìka wá abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ó rí i pé ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ti wú wálẹ̀ tó ìka mẹ́ta.

"Ẹ pa omi yìí!" ló ké. "Kì í ṣe inú ló ń ṣe ọmọ yìí. Ọkàn rẹ̀ ni. Kò lè gbé omi tí ẹ ń tú sí i."

Ó-Yá-Ó-Yá yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá aláṣọ! Aṣọ mélòó lẹ gbé wá lónìí?"

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹ lọ lọ aṣọ, mà."

Abẹ ti dé. Kò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ rárá. Ìyá ọmọ ló dojú kọ. "Màdáámú, kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín?"

Ìyá ọmọ wo báàgì omi. Ó wo Abẹ. Kò wo ìyá rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mà."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ yín?"

"Rárá, mà."

"Ẹ gbọ́ bí?" ni Abẹ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alárìnkiri. Kó aṣọ ẹ, jàre."

Àbúrò mi kó aṣọ rẹ̀. Ìgbà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ gbẹ. Èmi ni mo ń sunkún, omijé mi sì kún agolo tí mo fi ń kó nọ́ọ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹkún sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya ìlà ọkàn dà?"

Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ mi. Òun ni wọ́n máa ń so wáyà rẹ̀ mọ́ àyà èèyàn, tí yóò fi ìlà ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí pépà. Mo ti fi sípíríǹgì bírò àti wáyà rédíò tún un ṣe láti oṣù tó kọjá, ó dára ju ìgbà tó wà nínú páálí rẹ̀ lọ. Abẹ ló kọ̀ láti fọwọ́ síwèé gbà á, torí ó ní mo kí òun láìtẹríba.

Ọjọ́bọ̀ sì ni. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni àgbà dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ọlọ́kàn máa ń wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, ó ń wo àwọn àgbàlagbà tí ọkàn ń dà láàmú nísàlẹ̀. Kì í gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, àfi bí dókítà wọ́ọ̀dù bá kọ̀wé sí i, tàbí bí ìbátan aláìsàn bá bẹ̀ ẹ́. Òfin ilé nìyẹn.

"Ìbátan ni mo jẹ́," ni àbúrò mi wí. "Ohun yòówù kó sọ."

A dúró títí Abẹ àti Ó-Yá-Ó-Yá fi lọ jẹun. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, Ìyá Onímọ́ọ̀pù, ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wa. Mo ti ẹ̀rọ náà wọlé. Ìyá Alápárá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, kò dá wa dúró, kò sì ràn wá lọ́wọ́. A so wáyà mọ́ àyà ọmọ náà. Ìlà tó jáde kéré, ó wọ́, ó rí bí ìwé tí arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kọ. Ojú ẹsẹ̀ ni èmi tí n kò kàwé ti mọ ohun tó jẹ́. Mo já pépà náà, mo sáré wálẹ̀. Àtẹ̀gùn méjìdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fi fò wọ́n.

Bàbá Ọlọ́kàn wo pépà náà, kò bi mí pé ta ni mí. Ó gòkè. Ó gbé etí lé àyà Alápárá, kò tètè gbé e kúrò.

"Ìró mẹ́ta ni mò ń gbọ́ níbi tó yẹ kí n ti gbọ́ méjì," ló wí. "Ó ń ró bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìyá ẹ̀, ọ̀fìnkìn ha ṣe é láìpẹ́ yìí bí?"

"Ó ṣe é, sà. Ó ti lọ."

"Kò lọ. Ọkàn ló wọ̀." Ó-Yá-Ó-Yá ti sáré dé, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Ọlọ́kàn kò yíjú sí i. "Ìwọ lo fún un lómi? Báàgì mélòó?"

"Ìkejì ló ń wọlé lọ, sà."

"Tóo bá fún un ní ìkẹta, ìwé òkú lo máa kọ tẹ̀ lé e. Pa omi náà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọmọ lójú gbogbo wọn, mo sì gbọ́ ọ tán. Kòkòrò tó fa ọ̀fìnkìn ti mú kí iṣan ọkàn ọmọ náà wú. Iṣan tó wú kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ń wú, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa bì. Omi tí wọ́n ń tú sí i ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè mí. Wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn tọ̀, kí omi náà lè jáde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ àwòrán wá, a rí ọkàn náà nínú rẹ̀, ó fẹ̀, ó kàn ń mì díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá so oògùn kan mọ́ ọn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń tì í wọlé ní ẹ̀kán ní ẹ̀kán, tọ̀sán-tòru.

"Ṣé oògùn yìí máa wò ó sàn, sà?" ni ìyá ọmọ bi í.

"Rárá. Ó máa ràn án lọ́wọ́ ni, kí ọkàn náà lè sinmi. Àwọn kan máa ń bọ́ pátápátá. Àwọn kan, ọkàn wọn á fẹ̀ títí ayé. Àwọn kan máa ń kú. Mi ò tíì mọ èyí tí tiẹ̀ máa jẹ́."

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkàn Alápárá dúró. Ó-Yá-Ó-Yá ló tẹ àyà rẹ̀, òógùn ń kán lára rẹ̀ sórí ọmọ náà. Kà-á-Pé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, ó ń kà á sókè, kí dókítà má baà tẹ̀ ẹ́ yára jù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọkàn náà padà. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọkàn ọmọ náà lójú oorun ti rọlẹ̀ sí méjìléláàádóje. Kò tíì dára, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ọjọ́ náà ni Abẹ mú pépà kan wá síwájú ìyá ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin yàrá aṣọ kan, tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, tí kì í sì í ṣe ìbátan, gbé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí wá bá aláìsàn.

"Ẹ fọwọ́ sí i," ni Abẹ wí.

"Mà, obìnrin yẹn ló gba ọmọ mi là."

"Mi ò bi yín ní ìyẹn. Ẹ sọ lójú gbogbo èèyàn pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ ò ní ìbátan níbí. Ṣé òótọ́ lẹ kọ ni, àbí irọ́? Ẹni tó bá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù, a máa ń lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì wa ni. Ẹ lè gbé ọmọ yín lọ sílé báyìí, tòun ti ọkàn ẹ̀."

Kò sí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní ẹ̀rọ oògùn yẹn lágbègbè wa. Bàbá Ọlọ́kàn kò sì ní í wá títí di ọjọ́bọ̀. Mo di ìkúùkù. N bá ti lu Abẹ débi tí wọn yóò fi máa fi ìgbálẹ̀ kó o, ṣùgbọ́n àbúrò mi dí mi lọ́nà. Ó rìn wọlé, ó tẹ́ pépà náà sórí tíréè, ó fọwọ́ di etí rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn fáànù.

"Fọwọ́ sí i," ló wí fún ọmọ rẹ̀.

"Màámi..."

"Ta ni màámi ẹ? O ò mọ̀ mí. Fọwọ́ sí i, kó hàn dáadáa, kí wọ́n má tún mú un padà wá."

Ọmọ náà fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló di pépà mú fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyá aláṣọ," ni Abẹ wí, ó ká pépà náà sí méjì.

Wọ́n lé àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kọjá géètì, pé aṣọ ilé ìwòsàn ni. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi fún un, ó wọ̀ ọ́ délé.

Alápárá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì. Oṣù mẹ́fà ni wọn kò fi jẹ́ kó sáré. Oṣooṣù ni ìyá rẹ̀ ń gbé e padà lọ kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀, Abẹ sì máa ń tẹ̀ síwájú ọmọ náà, yóò máa rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Ta ló wà nílé yín? Ta ló ń sè fún ẹ?" Ẹ̀rù bà wọ́n pé ọmọ lè tú àṣírí. Wọ́n kọ́ ọ pé obìnrin tó ń wá sílé wọn kì í ṣe ìyá àgbà rẹ̀, pé ará àdúgbò ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Ọkàn rẹ̀ ṣì fẹ̀ díẹ̀, oògùn kan ló ń lò láràárọ̀. Nígbà tí Abẹ fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi ijó àti àwòrán sìn ín dé géètì, ìyá Alápárá jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sọ òótọ́ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ ni obìnrin náà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń dápàárá. Títí di òní, bó bá pàdé àbúrò mi lọ́nà, yóò kúnlẹ̀ dáadáa, yóò ní, "Ẹ káàsán, mà," bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀ dénú, yóò kọjá.

Ó-Yá-Ó-Yá ti di ọ̀gá níbẹ̀. Ó ti fòfin dè é pé kí wọ́n má kọ "ẹkún" sí ẹ̀gbẹ́ iye mọ́. Ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé kí wọ́n ka ìṣẹ́jú kan pé, kí wọ́n tún un kà lójú oorun. Ó ní òun lòun rí ọgbọ́n náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Mo sọ fún àbúrò mi. Ó ń yọ ẹ̀wà tó bàjẹ́ kúrò nínú àwo.

"Ṣé wọ́n ń kà á pé?" ló bi mí.

Mo ní wọ́n ń kà á pé.

"Ó dáa," ló wí, ó ń yọ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń kẹ́nu mọ́ ọn pé mo fẹ̀ ẹ́ lójú, kó lọ bá Ìyá Onímọ́ọ̀pù. Ó ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le, wọ́ọ̀dù kan náà ló ń nù. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wa, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọlé o, torí bí ó bá tẹ ilẹ̀ tútù obìnrin yẹn mọ́lẹ̀, kò ní í jẹ́rìí fún un, mọ́ọ̀pù ni yóò fi lù ú.